Gbà, kún, kọjá: Àríwísí lórí èdè tí a fi ń ṣírò omi inú páìpù

1. Ohun tí àríwísí yìí dá lé

Ìbéèrè kan wà tí ó dà bí ẹni pé kò le rárá: omi tí páìpù kan lè gbà, báwo ni ó ṣe pọ̀ tó? Ọmọ ilé ìwé tí ó bá ti kọ́ ìṣirò díẹ̀ lè dáhùn rẹ̀ ní èdè Faransé. Ó máa wọn fífẹ̀ ihò páìpù náà, ó máa mú ìdajì rẹ̀, ó máa fi ìdajì yẹn lọ́po ara rẹ̀, ó máa fi 3,1416 lọ́po èyí tí ó rí, ó sì máa fi gígùn páìpù lọ́po gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìbéèrè náà nígbà tí a bá gbé e kalẹ̀ ní Yorùbá, àti ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ pé ó ń ṣẹlẹ̀.

Ìwé tí ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣe kí ó má kàn ni Science and an African Logic, tí Helen Verran kọ, tí University of Chicago Press tẹ̀ jáde ní 2001. Ìwé náà ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi èdè wa kọ́ ọmọ ní ìṣirò, yálà ní Ifẹ̀, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́. Èrò mi ni pé àwọn tí ń lò ó láti sọ pé nọ́ńbà ni ìṣòro Yorùbá nínú ìṣirò ti gba ibi tí kò tọ́ wọ ọ̀rọ̀ náà. Ti omi inú páìpù ni a ó fi rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tọ́jú, kí a tó máa wá ọ̀rọ̀-orúkọ tuntun, kí a sì tó máa sọ̀rọ̀ nípa ọgbọ́n nọ́ńbà.

2. Ohun tí Verran sọ

Verran kọ́ àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ó wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀kọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù nínú ìwé rẹ̀ ni ti olùkọ́ kan tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń wọn gígùn. Olùkọ́ náà lo okùn láti mú gíga ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó mú páálí kékeré tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, àwọn ọmọ sì ká okùn mọ́ páálí náà kí wọ́n tó kà á. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìlànà ní kí wọ́n ṣe é. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ náà yé àwọn ọmọ. Verran kò fi olùkọ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ẹ̀kọ́ náà fi yọrí sí rere.

Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ fún ìbéèrè náà ni pé ẹni tí ń ka nǹkan ní Gẹ̀ẹ́sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ, á wá kó ẹyọ jọ di púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń kà ní Yorùbá máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí odidi tàbí ìdìpọ̀, á wá pín in tàbí yọ nínú rẹ̀. A rí ohun tí ó fà á. Ẹni tí ó bá sọ pé mẹ́rìndínlógún ti gbé ogún kalẹ̀ kí ó tó yọ mẹ́rin. Ó tún so èyí mọ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ ṣe ń ṣiṣẹ́: ní Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí àlàyé yẹn, ọ̀rọ̀-orúkọ ń tọ́ka sí irú nǹkan, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kò tíì ní ẹyọ, nọ́ńbà sì ń sọ ipò tí nǹkan náà fi hàn.

Ó tọ́ kí a sọ òtítọ́ fún un. Nínú ìwé kan náà, Verran padà tú àlàyé yìí palẹ̀. Ó rí i pé bí òun bá ní Yorùbá ní ọgbọ́n nọ́ńbà tiwọn, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ní tirẹ̀, òun ti tún kọ́ ògiri tí òun fẹ́ wó. Ó wá sọ pé inú ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ọwọ́, ojú àti ẹnu ṣe léraléra ni nọ́ńbà ń gbé. Ìgboyà ńlá ni kí òǹkọ̀wé ṣe bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàyé àkọ́kọ́ ni ó rọrùn láti rántí, òun náà ni ó sì rọrùn láti tọ́ka sí. Òun ni mo fẹ́ dán wò, nítorí òun ni ó lè dé ọwọ́ ẹni tí ń kọ ìwé ìlànà fún olùkọ́.

3. Omi mélòó?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá bá ń tọ́ka sí irú nǹkan lọ́nà kan náà, ó yẹ kí omi àti ọmọ máa ṣe bákan náà níwájú nọ́ńbà. Ẹ wo àwọn gbólóhùn yìí:

(1) Ọmọ mélòó ni ó wà nínú ilé?
(2) Omi mélòó ni ó wà nínú ilé?
(3) Báwo ni omi tí ó wà nínú ilé ṣe pọ̀ tó?

Gbólóhùn (1) kò ní wàhálà. Gbólóhùn (2) kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ti mọ̀ pé omi tí a ti dì sínú ọ̀rá, tàbí tí a ti rọ sínú ìgò, ni à ń béèrè. Bí ó bá jẹ́ omi inú àmù tàbí inú kànga, a ó yí sí (3), tàbí kí a dárúkọ ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n: bókítì mélòó, lítà mélòó. Èyí fi hàn pé èdè náà ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ. Ó ń bi ẹni tí ń sọ̀rọ̀ pé: ẹyọ wo ni o ní lọ́kàn?

Fún ìṣirò, ohun rere ni èyí jẹ́. Ní Faransé, combien d'eau lè dúró láìsí ẹyọ kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ lè parí iṣẹ́ rẹ̀, kí ó kọ 7,854, kí ó sì gbàgbé láti sọ bóyá lítà ni tàbí mítà oníhà mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fi mélòó béèrè ní Yorùbá kò lè ṣe é láìdárúkọ ẹyọ. Olùkọ́ tí ó bá mọ èyí ti ní irin iṣẹ́ kan lọ́wọ́ tí kò ní ní Faransé, kò sì sí ìdí kankan láti pè é ní ọgbọ́n mìíràn. Gírámà lásán ni.

4. Ojú méjì tí gbà ní

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni ọ̀rọ̀-ìṣe. A máa ń sọ pé ìkòkò gba omi, pé ọkọ̀ gba èrò mẹ́fà, pé yàrá kò gba ibùsùn méjì. Nínú gbogbo èyí, gbà ń sọ nípa àyè tí ó wà nínú nǹkan. Ṣùgbọ́n a tún máa ń sọ pé a gba ọ̀nà kan lọ sílé, tàbí pé ẹ̀fúùfù ń gba ojú fèrèsé wọlé. Níbẹ̀, gbà ń sọ nípa ibi tí nǹkan ń kọjá. Ìkòkò kì í ṣe ọ̀nà, ọ̀nà kì í sì í ṣe ìkòkò, nítorí náà a kì í ṣì wọ́n mú. Páìpù nìkan ni ó jẹ́ méjèèjì:

(4) Páìpù yìí ń gba lítà 8.
(5) Lítà 8 ń gba inú páìpù yìí.

Ní (4), ohun tí Faransé ń pè ní contenance ni ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn. Ní (5), ohun tí ó ń pè ní débit ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé omi tí páìpù yìí ń gbà kò tó fún abúlé wa ti da méjèèjì pọ̀. Ṣé páìpù náà kúrú ni, tàbí tínrín? Àbí omi inú rẹ̀ ni kò yára? Gbólóhùn náà kò sọ.

Kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ ni èyí. Ẹ jẹ́ kí a mú páìpù tí fífẹ̀ ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25. Bí a bá fi 3,1416 lọ́po rẹ̀, a ó rí 78,54, èyí tí í ṣe ìwọ̀n ojú ihò náà. Nínú gígùn mítà 1, àyè inú rẹ̀ jẹ́ lítà 7,854. Bí omi bá wá ń sáré nínú páìpù yìí ní mítà 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá 1, omi tí ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ lítà 7,854. Nọ́ńbà kan náà ni! Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ pé ìbéèrè méjì ni ó wà níbẹ̀ á gba máàkì pípé nínú méjèèjì. Ọjọ́ tí omi bá sáré dé mítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá 1 ni àṣírí máa tú: èyí tí ó ń kọjá á di lítà 15,708, èyí tí mítà kọ̀ọ̀kan ń gbà á sì dúró sí 7,854.

Yorùbá ní ohun tí a fi lè ya méjèèjì nípa. Bí ó bá jẹ́ ti ohun tí ń kọjá, a ní láti fi kọjá kún gbà, kí a sì dárúkọ àkókò: lítà mélòó ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá ní wákàtí kan? Bí ó bá jẹ́ ti àyè, a ní láti dárúkọ gígùn: lítà mélòó ni mítà kan rẹ̀ ń gbà?

Ọ̀rọ̀-ìṣe kẹta ni kún. Ohun tí páìpù lè gbà kì í ṣe ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Páìpù omi mímu tí omi ń tì láti òkè sábà máa ń kún. Èyí tí ń kó omi ìdọ̀tí lọ kì í sábà kún, omi ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba òkè. Ẹni tí ó bá bi mí pé omi mélòó lítà ni ó wà nínú páìpù ìdọ̀tí kan kò tíì bi mí ní ìbéèrè tí ìṣirò òkè yẹn lè dáhùn. Olùkọ́ tí ó bá jẹ́ kí ọmọ sọ ó lè gbà, ó kún àti ó ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ti kọ́ ọ ní nǹkan mẹ́ta tí ọ̀rọ̀-orúkọ volume kò kọ́ ọ.

5. Wíwọ̀n àti ṣíṣírò

Ẹ jẹ́ kí a padà sí okùn àti páálí. Ìdí tí ẹ̀kọ́ yẹn fi yọrí sí rere, lójú tèmi, ni pé gígùn ṣe é ká, ìká ṣe é kà. Omi náà ṣe é wọ̀n bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ń fi abọ́ wọn àgbàdo lọ́jà mọ̀ ọ́n dáadáa: bu, dà, kà. A lè dí ìdí páìpù kúkúrú kan, kí a máa fi ife bu omi sí i títí tí ó fi máa kún, kí a sì ka ife. Níbẹ̀, àlàyé àkọ́kọ́ tí Verran ṣe lè dúró, nítorí odidi wà, ìpín wà.

Ṣùgbọ́n páìpù tí a ti rì mọ́lẹ̀ kò ṣe é bu omi sí. Ṣíṣírò nìkan ni ó kù, ṣíṣírò kì í sì í ṣe wíwọ̀n tí a yára ṣe. Nínú ìṣirò tí a ṣe lókè, a fi 5 lọ́po 5, a rí 25. Níbo ni 25 náà wà lára páìpù? Kò sí níbẹ̀. Kò sí ìdìpọ̀ kankan tí a lè nàka sí pé òun ni 25, kò sì sí ẹyọ kankan tí a kó jọ kí ó tó di 25. Èyí rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ń sọ Yorùbá, ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ń sọ Faransé.

Ẹ̀rí rẹ̀ ni àṣìṣe tí gbogbo èdè ń ṣe. Bí fífẹ̀ ihò bá di ìlọ́po méjì, àyè inú á di ìlọ́po mẹ́rin: páìpù tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 50 ń gba lítà 1,963 nínú mítà kan, èyí tí ó fẹ̀ ní 100 ń gba 7,854. Ẹni tí kò bá ṣírò rẹ̀ á rò pé ìlọ́po méjì ni. Bí a bá wá sọ ní Yorùbá pé páìpù yìí tóbi ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po méjì, kò yé ẹnikẹ́ni bóyá fífẹ̀ ni a ń sọ tàbí àyè. Deux fois plus gros ní Faransé kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ó ti le jù nínú ìṣirò yìí, ọ̀gbun kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì ní láti fò. Nítorí náà, a kò lè fi ọgbọ́n nọ́ńbà Yorùbá ṣe àlàyé rẹ̀.

6. Fẹ̀, nípọn, tóbi

Ibì kan wà tí èdè wa tilẹ̀ ti ń kìlọ̀ fún oníṣirò. Àwọn páìpù oníke tí wọ́n ń fi mìlímítà pè lọ́jà, bíi 63, 90 tàbí 110, òde wọn ni nọ́ńbà náà ń wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan tí òde rẹ̀ jẹ́ 110, tí ara rẹ̀ sì nípọn ní mìlímítà 5. Ihò rẹ̀ fẹ̀ ní 100. Ẹni tí ó bá fi 110 ṣírò á ní mítà kan rẹ̀ ń gba lítà 9,503. Ẹni tí ó bá fi 100 ṣírò á ní 7,854. Bí wọ́n bá na páìpù náà ní mítà 500, ẹni àkọ́kọ́ á rí lítà 4 752, ẹnì kejì á rí 3 927. Lítà 825 ni ó wà láàárín wọn, ìyẹn bídọ̀n onílítà 25 mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí kò sí níbì kankan.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ da oògùn kúlórínì sínú páìpù tuntun kí àwọn ará ìlú tó mu omi rẹ̀, iye omi yẹn ni wọ́n fi ń mọ iye oògùn. Ẹni tí ó fi òde ṣírò á da oògùn tí ó fi ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ju èyí tí ó yẹ lọ.

Faransé lo diamètre fún méjèèjì, á wá fi extérieur tàbí intérieur kún un bí ó bá rántí. Yorùbá kì í pe ara ní ihò. Ihò ni ó ń fẹ̀, ara ni ó ń nípọn. Ẹni tí a bá bi pé báwo ni ihò rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó kò ní lọ fi tépù gbá òde mú. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá kó gbogbo rẹ̀ sínú tóbi, tàbí kí ó ya dìámẹ́tà wọlé láìsọ ti inú tàbí ti òde, ó ti ju ìrànlọ́wọ́ èdè náà nù.

7. Ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ń wá

Àṣà wa nínú iṣẹ́ èdè-ìperí ni pé bí a bá ti rí ọ̀rọ̀-orúkọ kan ní Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì, a ó wá ọ̀rọ̀-orúkọ kan fún un ní Yorùbá. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, fi hàn bí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lè dára tó fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú láti fi ì- sọ gbà di orúkọ. A ó rí ìgbà, èyí tí ó ti jẹ́ àkókò. Bí ẹni tí ń kọ̀wé kò bá fi àmì ohùn sí i, bí ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ka Faransé ṣe ń ṣe, ó lè jẹ́ àkókò, ó lè jẹ́ igba tí í ṣe 200, ó sì lè jẹ́ igbá tí a fi ń bu omi. Páìpù tí ìgbà rẹ̀ jẹ́ igba igbá kì í ṣe ohun tí a lè fi kọ́ ọmọ.

Mo fara mọ́ àyè inú fún volume, nítorí ó yé ẹni tí kò tilẹ̀ lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n fún débit, mi ò wá ọ̀rọ̀-orúkọ kankan. Gbólóhùn ni mo fẹ́: iye tí ó ń gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Ó gùn, òótọ́ ni. Gígùn rẹ̀ ni ó gbé àkókò dání, àkókò sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ àmì kọ́mà náà wà níbẹ̀. Àwa tí a kọ́ ìṣirò ní Faransé ń kọ 7,854 fún lítà méje àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ará Nàìjíríà tí ó bá rí i lè kà á sí ẹgbẹ̀rún méje ó lé, nítorí kọ́mà ni òun fi ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. Ìwé Yorùbá tí ó bá fẹ́ kọjá ẹnubodè ní láti sọ ní ojú ewé kìíní irú èyí tí òun ń lò. Ní tèmi, kọ́mà ni mo lò fún ìdá jákèjádò àpilẹ̀kọ yìí, mo sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún. A ti ń jiyàn tipẹ́ lórí bóyá kí a kọ ẹ tàbí ɛ, ṣ tàbí sh. Kò sí ẹni tí oògùn máa pọ̀ jù fún nítorí ɛ. Kọ́mà lè ṣe é.

8. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún wa

Kí ni a pàdánù bí a bá jókòó ti àlàyé àkọ́kọ́ inú ìwé Verran? Ẹni tí ó fẹ́ràn Yorùbá lè fi ṣe ìgbéraga pé a ní ọgbọ́n nọ́ńbà tiwa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ kí a fi Yorùbá kọ́ ìṣirò lè fi gbólóhùn kan náà sọ pé ó dára, ẹ máa fi ọgbọ́n yín ka iṣu, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ fi Faransé ṣírò páìpù. Láti inú ìyìn kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yẹra fún un, bí ó tilẹ̀ dùn létí.

Èyí tí Verran sọ kẹ́yìn, pé inú ìṣe ni nọ́ńbà ń gbé, ni mo gbà. Èyí tí mo fi kún un ni pé èdè tí a fi ń ṣe ìṣe náà ní gírámà, gírámà náà sì ṣe é yẹ̀ wò, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, láìjẹ́ pé a fi orúkọ ẹ̀yà kankan lé e lórí. Mélòó ń béèrè ẹyọ. Fẹ̀ ń wo ihò, nípọn ń wo ara. Gbà ń fẹ́ gígùn bí ó bá jẹ́ ti àyè, ó ń fẹ́ àkókò bí ó bá jẹ́ ti ohun tí ń kọjá. Kún ń sọ bí ó ṣe rí lónìí.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè ni kí a ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún ooru, fún ìwúwo, fún ìyára, kí àwọn tí ń kọ ìwé fún ilé ìwé tó wá bi wá ní ọ̀rọ̀-orúkọ. Nígbà tí wọ́n bá dé, kí a fún wọn ní gbólóhùn.